Àga Tí Ọkùnrin Kì í Jókòó Sí

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n má baà máa pariwo bí ẹni tó ń kiri ọjà. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Etí kì í bá ẹnu du oúnjẹ. Ìtàn ọmọ ìyá méjì ni mo gbé wá, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, tí wọ́n jọ jáde lọ wáṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí àwọn méjèèjì sì lọ tò sórí ìlà tí wọ́n ní kì í ṣe tiwọn. Mo ṣèlérí fún yín pé ìtàn náà kò ní fi yín sílẹ̀ sínú ẹkún. Ẹ fara balẹ̀ ṣáá.

Èyí ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ obìnrin, Sípánà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí iṣẹ́ ọwọ́ bá sọ ènìyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n fi kó o jáde lọ. Bàbá rẹ̀ ló ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní pálọ̀ ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, ní pálọ̀ kan náà. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fún wọn, gbogbo àdúgbò sì ti bá wọn pín in: ọkùnrin á lọ sídìí iṣẹ́ bàbá, obìnrin á lọ sídìí iṣẹ́ ìyá. Àfi bí àwọn ọmọ ṣe dorí ètò náà kodò. Èyí obìnrin kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ tó ti ń tú ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ palẹ̀, tó sì ń tò ó padà láìṣẹ́ ìdè irin kankan kù sílẹ̀. Èyí ọkùnrin, bí wọ́n bá fún un ní irin, á máa fi wé òwú. Bàbá wọn wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó ní, "Ẹni tí orí rẹ̀ bá rán níṣẹ́, èmi kọ́ ni mo máa pàdé rẹ̀ lọ́nà kí n ní kó padà."

Bí wọ́n ṣe dàgbà nìyẹn. Ọkùnrin di Télọ̀. Ọrùn ẹ̀wù tó bá rán, ṣe ló máa ń dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gágun. Nígbà tí bàbá wọn sì fi ayé sílẹ̀, báàgì irinṣẹ́ rẹ̀, awọ dúdú tí epo ti mu yó, èjìká Sípánà ló bọ́ sí.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́ ni kò sí. Ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló ti kan ilẹ̀kùn wọn. Ọ̀kan ní kó lọ gba ìwé àṣẹ wá lọ́wọ́ ọkọ. Kò tíì lọ́kọ. Òmíràn ní àwọn kò ní ilé ìyàgbẹ́ obìnrin ní apá ibi tí mẹkáníìkì ń jókòó sí, bí ẹni pé ilé ìyàgbẹ́ ló fẹ́ wá tún ṣe fún wọn. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ wá àwáwí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Nígbà tó di ti ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ìyá rẹ̀ pè é jókòó. "Ọmọ mi, mi ò ní ohun tí bàbá rẹ fi lé ọ lọ́wọ́ kò dára. Ṣùgbọ́n èyí ló kẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Bí wọn ò bá gbà ọ́ níbi tó ò ń lọ lónìí, wàá gbé báàgì yẹn sínú àpótí, wàá sì gbé ìgbálẹ̀."

"Mo gbọ́, Mọ́mì," Sípánà dáhùn. Ó ti ṣèlérí, kì í sì í yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀, ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí báàgì yẹn bá wọnú àpótí, òun náà ló wọ̀ ọ́.

Ilé iṣẹ́ kẹwàá yìí, ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ òṣìṣẹ́ ni, yàrá gbàǹgbà kan tí ogójì obìnrin ń ránṣọ nínú rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì: wọ́n ń wá ọkùnrin kan tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe, wọ́n sì ń wá obìnrin kan tó mọ aṣọ rán. Kó tó di aago méje àárọ̀, ìlà méjì ti gùn síbẹ̀, èyí apá ọ̀tún kún fún irùngbọ̀n, èyí apá òsì kún fún ìborí. Sípánà kọjá sáàárín àwọn onírùngbọ̀n. Télọ̀ lọ tò sẹ́yìn àwọn oníborí.

Ọkùnrin tó wà níwájú Sípánà bojú wẹ̀yìn. "Àǹtí, ìlà tiyín ló wà lọ́hùn-ún yẹn."

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ bá ẹnì kan di ààyè mú ni?"

"Èmi àti báàgì mi la wá. Ẹ máa wo iwájú, bọ̀dá, ìlà ti ń rìn."

Ní apá kejì, ọ̀rọ̀ Télọ̀ ti di àpérò. "Ìyàwó yín ń kọ́?" obìnrin kan bi í. "Ẹ ní kó wá o, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò mú ìyàwó wá, Mà. Èmi gan-an ni mo fẹ́ ránṣọ."

Ẹ̀rín bú. "Ẹ wá wò ó! Wọ́n ti gba gbogbo iṣẹ́ ayé tán, ó ku abẹ́rẹ́, wọ́n tún tẹ̀ lé e wá!"

Ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì ló ń yẹ ìlà ọkùnrin wò. Ẹni gíga ni, ó fi bírò há ẹ̀yìn etí, ojú áyọ́ọ̀nù ṣòkòtò rẹ̀ sì mú débi tó fi lè ya ìwé sí méjì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Sípánà, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ló fara pamọ́ síbẹ̀.

"Ìwọ ń kọ́?"

"Iṣẹ́ tí ẹ kọ sára géètì ni mo bá wá, sà."

"Báàgì ta nìyí?"

"Ti bàbá mi."

"Kí bàbá rẹ gbé e wá fúnra rẹ̀, nígbà náà."

"Bàbá mi ti sùn, sà. Ọwọ́ rẹ̀ ló kù láyé, òun ni mo gbé wá."

Ojú ọkùnrin náà kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀, ó tún le padà. "Obìnrin kì í ṣe mẹkáníìkì níbí. Bí epo bá ta sí ọ láṣọ, ta ló máa gbọ́ ẹkún rẹ? Ẹni tó kàn!"

Kò pẹ́ tí Télọ̀ náà fi jáde kúrò lórí ìlà. Akọ̀wé obìnrin tó ń yẹ ìlà obìnrin wò sọ pé ọwọ́ ọkùnrin wúwo, òwú á máa já. Ó tún ní bí wọ́n bá fi ọkùnrin kan sáàárín ogójì obìnrin, ṣé òun ni àwọn á máa ṣọ́ ni àbí àwọn ogójì yẹn?

Àwọn méjèèjì lọ jókòó sórí ògiri kúkúrú tó dojú kọ géètì, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí gọ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ṣàgbà," Télọ̀ ní nígbà tó yá, "ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Nínú àwa méjèèjì, ta ló le jù fún?"

"Ìwọ kọ́."

"Ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu mi! Bí wọ́n bá lé ẹ̀yin, ẹnì kan á ní ó mà ṣe o. Bí wọ́n bá lé èmi, ẹ̀rín ni wọ́n á fi sìn mí délé. Kò sí ẹni tó ń káàánú ọkùnrin tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́."

"Ilẹ̀kùn kan ni wọ́n tì mọ́ ọ, àbúrò mi. Bó o bá dìde níbí báyìí, tó o ní o fẹ́ wakọ̀, tó o ní o fẹ́ ṣọ́ géètì, tó o ní o fẹ́ rẹrù, wọ́n á ní máa bọ̀. Èmi, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, ti yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí."

"Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wakọ̀! Mo fẹ́ ránṣọ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sípánà lára. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti gún di líle. "Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Ẹni tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mẹ́wàá fún, tí tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìta náà ló ṣì wà. Jẹ́ ká gbà pé ìyà méjèèjì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tèmi ni ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín pa Télọ̀. "Ẹ kì í fẹ́ fi ipò ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lọ́nàkọnà!"

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí géètì fi ṣí, tí obìnrin mẹ́fà sì jáde wá pẹ̀lú báàgì àti ìwérí wọn. Mẹ́ta ń sunkún. Èyí tó dàgbà jù, ìyá kan tó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ń bínú ní tirẹ̀. Ìyá Onígíláàsì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Àwọn obìnrin orí ìlà kò mọ̀ bóyá kí wọ́n bá wọn kẹ́dùn ni àbí kí wọ́n dúpẹ́, nítorí ààyè kan tí wọ́n wá bá ti di méje.

"Ọdún mọ́kàndínlógún!" Ìyá Onígíláàsì ń sọ fún afẹ́fẹ́. "Wọ́n ní ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Wọ́n ní àwa la ba ẹ̀rọ jẹ́."

Sípánà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. "Ẹ má bínú, Mà. Kí ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe gan-an?"

Ìyá náà gbé gíláàsì sójú kó lè rí i dáadáa. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí. Bí mo bá jókòó tí mo rán apá ẹ̀wù, òkè á dára, ìsàlẹ̀ á rí jágajàga bí irun tí wọn ò yà. Òwú á dẹ̀ wọ̀ọ̀. Màá so àkísà pupa mọ́ ẹ̀rọ, mẹkáníìkì á dé. Màá dìde fún un, á na ẹsẹ̀ kan tẹ pẹ́dà, ẹ̀rọ á sì rán bí ẹni pé áńgẹ́lì ló wà nídìí ẹ̀. Á ní, 'Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ, ìwọ ni.' Bí mo bá tún jókòó, wàhálà á tún dé."

"Ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìlà ẹ̀bá fèrèsé."

"Mẹkáníìkì ò jókòó wò ó ni?"

Àwọn tó ń sunkún pàápàá rẹ́rìn-ín. "Jókòó kẹ̀!" Ìyá Onígíláàsì ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, mẹkáníìkì kì í fìdí kan àga aránṣọ. Wọ́n ní àga obìnrin ni, pé ẹni tó bá jókòó sí i, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀. Ìdúró ni wọ́n máa ń wà, wọ́n á fẹsẹ̀ kan tún un ṣe bí àkùkọ adìyẹ, wọ́n á lọ."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Mà? Kí ni wọ́n yí padà?"

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá. Wọn ò sì yí nǹkan kan padà. Àga wa tó ti wó nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Àga tuntun ga, ó ní tìmùtìmù, ó dára."

Ọ̀rọ̀ àga yẹn yí lọ́kàn Sípánà, bí ìdè tó ti dípẹtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ràn sí sípánà lẹ́nu. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

Bí Ọlọ́run ṣe ṣe é, Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló jáde wá sí géètì, aṣọ funfun kan tí ojú rírán rẹ̀ ti tú dání, ọ̀gá mẹkáníìkì lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ní aṣọ náà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó o fún wọn. Màdáámù fẹ́ ṣa obìnrin méje lórí ìlà.

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́," Sípánà ní. "Bí ẹ bá kó méje wọlé, mẹ́fà nínú wọn á ba aṣọ jẹ́ kó tó di ọ̀sán."

"Ẹ má dá a lóhùn," ọ̀gá mẹkáníìkì ní. "Èyí tí mo lé láàárọ̀ ni."

"Ẹ fún mi ní ìwọ̀n àsìkò tí wọ́n fi ń rán apá ẹ̀wù kan, Màdáámù. Bí mi ò bá rí àìsàn ẹ̀rọ yẹn, ẹ ò ní rí èmi náà mọ́."

Màdáámù wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó wo báàgì awọ dúdú yẹn. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ kì í bi igi pé akọ ni àbí abo. "Wọlé," ó ní.

Télọ̀ tẹ̀ lé wọn wọlé, pẹ̀lú Ìyá Onígíláàsì àti àwọn márùn-ún rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì pàápàá fi géètì sílẹ̀. Nínú yàrá gbàǹgbà náà, ẹ̀rọ ń ké, èéfín áyọ́ọ̀nù ń rú ní ìkángun, ẹ̀rọ mẹ́fà tó wà lẹ́bàá fèrèsé nìkan ló dákẹ́, àkísà pupa lọ́rùn wọn.

"Ọwọ́ obìnrin ló ń bà á jẹ́," ọ̀gá mẹkáníìkì ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́."

"Ó dáa, sà," Sípánà dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ọkùnrin sí i." Ó ju ojú sí àbúrò rẹ̀.

Télọ̀ jókòó. Ariwo ẹ̀rín gba yàrá. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ki aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó rán an lọ tààrà, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ débi pé àwọn aránṣọ dákẹ́ ẹ̀rín, wọ́n ń wò ó bí oníṣẹ́ ṣe ń wo oníṣẹ́. Ó yí aṣọ padà. Ìsàlẹ̀ rí jágajàga.

"Ọkùnrin tó ń ránṣọ," ọ̀gá mẹkáníìkì ní, "ṣé ọkùnrin nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ẹ rán an, sà."

Ọ̀gá mẹkáníìkì dúró, ó na ẹsẹ̀ kan, ó rán an. Òkè dára, ìsàlẹ̀ dára. Ó gbé e sókè bí ẹni gbé àsíá. "Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i, sà. Ó ku kí ẹ jókòó."

Aránṣọ kan ní ìlà kejì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Èkejì náà gbé tirẹ̀.

"Èmi?" ọkùnrin náà ní. "Lórí èyí?"

"Jókòó," Màdáámù ní.

Ó jókòó. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sínú omi tútù. Orúnkún rẹ̀ gùn, kò sí ibi tó fẹ́ kó o sí lábẹ́ tábìlì. Ó rán aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó yí i padà, òógùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí rẹ̀. Òwú ti ya kúrò nínú aṣọ, ó ń fì bí irùngbọ̀n àgbò.

Ìyá Onígíláàsì sún mọ́ ọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ṣé ọwọ́ tiyín náà ti ń gbọ̀n ni?"

Ẹ̀rín tó bú níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà lórí ìlà níta gbọ́ ọ.

Sípánà ti wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, báàgì rẹ̀ ti là. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ wá wò ó, Màdáámù," ó ní láti ìsàlẹ̀. "Irin yìí, orúnkún la fi ń tì í. Bí a bá tì í, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ á gbéra sókè, òwú á sì dẹ̀ kí a lè fa aṣọ jáde. Ó dára nígbà tí àga kò ga. Àga tuntun ti gbé orúnkún sókè, bí wọ́n bá ti jókòó báyìí, orúnkún wọn á máa ti irin náà díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá dúró, kò lè kàn án láéláé."

Ó dẹ ìdè kan. Ó yí irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwọ̀n ìka méjì péré. Ó fún ìdè náà padà, ó jáde, ó sì jókòó fúnra rẹ̀. Ó rán an. Ó yí i padà. Òkè àti ìsàlẹ̀ jọra bí ìbejì.

Kò dúró gba ìyìn. Ó bọ́ sí ẹ̀rọ kejì, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, bó sì ṣe ń kúrò nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tú àkísà pupa ọrùn rẹ̀ sọ nù, tí obìnrin tó ni ín ń jókòó, tí ẹ̀rọ ń ké. Nígbà tí ẹ̀kẹfà ké, ẹnì kan mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó fi ìdí rẹ̀ lu tábìlì. Èkejì gbà á. Kó tó di ìṣẹ́jú kan, ogójì tábìlì ti ń dún, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, akọ̀wé tó sọ pé ọwọ́ ọkùnrin wúwo náà ń fi rúlà lu ògiri.

Nígbà tó rọlẹ̀, ọ̀gá mẹkáníìkì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó mọṣẹ́, mi ò jiyàn. Ó lè wá máa bá wa nu ẹ̀rọ, kó máa gbé irinṣẹ́ lé wa lọ́wọ́."

Sípánà rántí àdéhùn tó bá ìyá rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ ni, ilé iṣẹ́ kẹwàá sì ni. Ṣùgbọ́n ó di báàgì rẹ̀ mú. "Rárá o, sà. Nínu àti gbígbá, mo ti ní ìyẹn níbòmíràn. Mẹkáníìkì lẹ kọ sára géètì, mẹkáníìkì ni mo jẹ́. Bí kò bá ti jẹ́ ìyẹn, ẹ jẹ́ n máa lọ."

Màdáámù ń wo aṣọ funfun náà, ó ń fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀. "Ọ̀gá, èmi ni mo kọ ìwé yẹn," ó ní. "Èmi obìnrin ni mo kọ 'ọkùnrin' sí i, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì." Ó nàwọ́ sí Sípánà. "Mẹkáníìkì ìlà ẹ̀bá fèrèsé àti ìlà kejì. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Láti òní lọ, mẹkáníìkì tí kò bá jókòó rán odidi apá ẹ̀wù kan, kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rọ ti dára."

"Ààyè kan ṣì wà, Màdáámù," Ìyá Onígíláàsì ní. Télọ̀ ti tún jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, ó ń tú ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì bà jẹ́, bí ẹni pé ó ti pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa bá a jókòó. Ṣé ẹ gbà á?" Màdáámù bi í.

"Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bó bá ń ṣe bó ti yẹ, màá fún un ní òwú. Bó bá fẹ́ ya òpònú, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi."

"Màá ṣe bó ti yẹ, Mà," Télọ̀ sáré dáhùn.

Sípánà ti ń wá epo nínú báàgì. Ẹ̀rọ ìlà kejì kan ń ké ju bó ti yẹ lọ, ó sì ti gbọ́ ọ láti ìgbà tó ti wọlé. Obìnrin tó wà nídìí rẹ̀ fẹ́ dìde kúrò fún un bí wọ́n ti ń ṣe. Sípánà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ẹ jókòó, Mà. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe yín fún mi." Ó tẹ̀ wọlé sábẹ́ tábìlì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ìyá Onígíláàsì, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, ló sọ ìtàn yìí fún mi, ní ọ̀sán kan tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tó ń sọ ọ́, ẹ̀rín ń jẹ́ kí gíláàsì máa bọ́ lójú rẹ̀. Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́.